Kí ló yẹ kí n ṣe kí n tó fọkàn tán hard disk tòkunbọ̀?

Ayàwòrán, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín o. Iṣẹ́ àwòrán òde àríyá ni mo ń ṣe, ìgbéyàwó, ìkómọjáde àti ìsìnkú àgbà, àwọn àwòrán àti fídíò tí mo sì ti kó jọ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ti kún inú kọ̀ǹpútà mi débi pé n kò rí àyè fi iṣẹ́ tuntun sí mọ́. Owó hard disk tuntun ti kọjá ohun tí apá mi ká. Ìdí nìyí tí mo fi lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí mo ra hard disk tòkunbọ̀ méjì, 1TB ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lò nínú laptop. Ẹni tó tà wọ́n fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ohun tó ṣe wọ́n, ó sì fún mi ní ọjọ́ méje láti dán wọn wò. Mo fi ọ̀kan sínú àpò USB, mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ṣí. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé fáìlì ẹlòmíràn ṣì kún inú rẹ̀.

Kí ló yẹ kí n ṣe kí n tó gbé àwòrán oníbàárà lé irú nǹkan báyìí lórí? Àwòrán ìyàwó tó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, tí bàbá náà sì ti di olóògbé báyìí, kò ṣe é tún yà.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ìkẹjà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì gbé ohunkóhun lé e. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ná, ẹ má sì ṣí fáìlì kankan nínú rẹ̀. Láti orí Windows 7, kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kí ètò inú flash tàbí hard disk USB dìde fúnra rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín tẹ̀ yóò ṣiṣẹ́, fáírọ́ọ̀sì tó bá wà nínú rẹ̀ yóò sì bá a wọlé. Bí ẹ bá ní laptop àtijọ́ tí kò sí nǹkan pàtàkì lórí rẹ̀, òun ni kí ẹ lò. Bí kò bá sí, ẹ kọ Ubuntu, irú Linux ọ̀fẹ́ kan tí a lè lò dípò Windows, sórí flash kan, kí ẹ fi flash náà tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì pa íntánẹ́ẹ̀tì títí iṣẹ́ náà yóò fi parí.

Kí iná tó tún wọ̀ ọ́, ẹ fojú wò ó dáadáa. Ẹ yí i padà sí ìhà tí pátákó aláwọ̀ ewé wà. Bí ẹ bá rí ibi tó jóná, ibi tó dípẹtà, tàbí screw tí orí rẹ̀ ti họ, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti ṣí i rí. Hard disk tí wọ́n bá ti ṣí níta gbangba kò ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, torí pé àwo inú rẹ̀ ń yí ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, orí tó ń kà á sì sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí eruku bíńtín fi tó láti ba àwo náà jẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé etí sí i nígbà tó bá tàn. Ìró pẹ̀lẹ́ bíi ti atẹ́gùn tó ń fẹ́ kọjá ni ti èyí tó yè. Bí ó bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, tó dákẹ́, tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ yọ iná rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì dá a padà fún ẹni tó tà á. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè tún ohun tó ti ya lára irin ṣe.

Bí kò bá dún, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀. Gbogbo hard disk òde òní ló ń ṣe àkọsílẹ̀ ìlera ara rẹ̀, SMART ni wọ́n ń pè é. CrystalDiskInfo, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni yóò kà á fún yín lórí Windows. Smartctl tàbí GSmartControl ni ti Linux. Ọ̀rọ̀ Good tí ẹ máa rí lókè kò tó, ẹ sọ̀ kalẹ̀ síbi àwọn ìlà. Ìlà 05 ń ka àwọn ibi tó ti bàjẹ́ tí hard disk náà ti fi àyè ìpamọ́ rọ́pò. Ìlà C5 ń ka àwọn ibi tí kò rí kà mọ́, tí kò sì tíì pinnu ohun tí yóò ṣe sí wọn. Ìlà C6 ń ka àwọn èyí tó yẹ̀ wò fúnra rẹ̀ tí kò sì rí àtúnṣe sí. Ní tèmi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo kí n tó san owó. Ìlà 09 ni wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́, ẹ sì rántí pé wákàtí 8,760 ló wà nínú ọdún kan.

Ohun kan wà tó máa ń kó ènìyàn ṣìnà: bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé CrystalDiskInfo wọlé, kì í ṣe ònkà tí a mọ̀ ló fi ń kọ iye ìlà wọ̀nyí, ònkà onímẹ́rìndínlógún ni. 10 tí ẹ bá rí níbẹ̀, 16 ni. Ẹ lọ sí Function, kí ẹ tẹ Advanced Feature, lẹ́yìn náà Raw Values, kí ẹ yan 10 [DEC]. Bí àpò USB yín kò bá jẹ́ kí SMART kọjá rárá, bí àwọn olówó pọ́ọ́kú kan ti máa ń ṣe, ẹ so hard disk náà mọ́ inú kọ̀ǹpútà gan-an kí ẹ tó kà á.

Ará wa ní Manchester

Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa, nítorí pé iṣẹ́ kíkó kọ̀ǹpútà àtijọ́ kúrò ní ọ́fíìsì ni mo ṣe fún ọdún mẹ́rin níbí. Láàárín ọdún díẹ̀ síra ni àwọn ilé iṣẹ́ máa ń pààrọ̀ kọ̀ǹpútà wọn, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n bá sì kó dànù ni ó ń gba ojú omi dé ọ̀dọ̀ yín, èyí tó mú kí orúkọ náà, tòkunbọ̀, bá a mu gẹ́lẹ́. Hard disk tó ti inú laptop akọ̀wé jáde lè máà tíì ṣiṣẹ́ púpọ̀. Èyí tó ti inú server, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ tí wọn kì í pa, jáde kò sùn tọ̀sán tòru fún ọdún márùn-ún. Ẹ tún ṣọ́ra, torí pé irú ti server lè jẹ́ SAS. Ó jọ SATA, irú ẹnu tí hard disk kọ̀ǹpútà ilé ń lò, gan-an, ṣùgbọ́n àlàfo kékeré tó wà láàárín ẹnu méjèèjì SATA kò sí lára rẹ̀, kò sì ní wọ kọ̀ǹpútà ilé.

Ẹ má gba iye wákàtí gbọ́ láìfi wé ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí ìwé ara hard disk bá sọ pé ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é, tí ìlà 09 sì ń sọ wákàtí 12, ẹ béèrè ibi tó sùn sí láti ìgbà náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Heise, tó jẹ́ ilé iṣẹ́ ìròyìn kọ̀ǹpútà ní Jámánì, gbé e jáde pé àwọn oníbàárà ra hard disk Seagate gẹ́gẹ́ bíi tuntun, tí ó sì jẹ́ pé wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí, tí ẹnì kan ti dá SMART wọn padà sí òdo. Àkọsílẹ̀ mìíràn tí Seagate máa ń tọ́jú sínú wọn, FARM, tí ẹni náà kò fọwọ́ kàn, ló tú àṣírí wọn. Bí ti yín bá jẹ́ Seagate, smartctl tuntun lè ka FARM fún yín tí ẹ bá fi -l farm kún àṣẹ rẹ̀. Bí 09 àti FARM bá jìnnà síra, ẹ dá a padà.

Ayàwòrán, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run yóò bá mi san án fún yín. Mo yá laptop àbúrò mi, mo sì ti ka méjèèjì. Èyí tí fáìlì kún inú rẹ̀, àpótí òkè rẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, Caution ló kọ. 05 jẹ́ òdo, C6 jẹ́ òdo, ṣùgbọ́n C5 jẹ́ 24, wákàtí rẹ̀ sì jẹ́ 21,904. Èkejì jẹ́ òdo ní ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wákàtí 9,412, àmọ́ mo rí ìlà kan tí ẹ kò mẹ́nu kàn, C7, tó jẹ́ 311. Ṣé kí n bẹ̀rù rẹ̀?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ìkẹjà

C7 kì í sábà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ hard disk. Wáyà tó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ló sábà ń fà á, bí wáyà náà bá ti gbó tàbí tí kò wọlé dáadáa. Iye náà kì í dín kù mọ́ títí ayé, nítorí náà ó lè jẹ́ pé ní ilẹ̀ òkèèrè ni ó ti kó 311 náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá ṣì wà ní 311 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbàgbé rẹ̀. Bí ó bá ń gòkè, ẹ pààrọ̀ wáyà tàbí àpò USB.

Ti èkíní ni kò dára. Ibi 24 ló wà tí kò rí kà mọ́. Bí ẹ bá kọ nǹkan tuntun sórí wọn, hard disk yóò dán wọn wò: èyí tó bá gbà á yóò kúrò nínú C5, èyí tí kò bá gbà á yóò bọ́ sínú 05. Mo ti rí èyí tí C5 rẹ̀ padà sí òdo tó sì ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo sì ti rí èyí tó ti 24 di 800 láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tí ọjọ́ méje rẹ̀ kò tíì pé kò ní ìdí láti dúró wo èyí tí tirẹ̀ yóò jẹ́.

Àmọ́ kí ẹ tó nu ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi fóònù yín ya àwòrán ojú ìwé CrystalDiskInfo náà, kí nọ́ńbà tó wà lára hard disk hàn nínú rẹ̀. Bí ẹ bá kọ́kọ́ nù ún, C5 lè di òdo lójú ẹni tó tà á, yóò sì sọ pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ará Òṣogbo

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ fáìlì yẹn ló ń dùn mí. Ṣé kò yẹ kí a wá ẹni tó ni wọ́n kàn, bóyá àwòrán ọmọ rẹ̀ tó ti sọnù ló wà níbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ èmi ni, inú mi yóò dùn kí ẹnì kan pè mí.

Ará wa ní Manchester

Ọkàn rere ló sọ ọ̀rọ̀ yìí, mo sì gbà pé ó ti wá sí mi lọ́kàn rí. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ ẹni tó ni í, a ó ní láti máa ṣí ìwé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé ìrìnnà rẹ̀, ìwé báńkì rẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn rẹ̀, ohun tí a ó sì rí ní ojú ọ̀nà pọ̀ ju ohun tó yẹ kí àjèjì mọ̀ lọ. Bí àjèjì bá sì pe ènìyàn láti orílẹ̀-èdè mìíràn pé fáìlì rẹ wà lọ́wọ́ mi, oníjìbìtì ni yóò kà á sí. Nàìjíríà ní òfin ààbò dátà láti ọdún 2023, èmi kò sì mọ ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí jèrè nínú pípa irú fáìlì bẹ́ẹ̀ mọ́ sọ́wọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀kan ṣoṣo. Ní ọdún 2003, Simson Garfinkel àti Abhi Shelat, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, tẹ èsì ìwádìí wọn jáde lórí hard disk àlòkù 158 tí wọ́n rà. Nínú 129 tó ṣiṣẹ́, 12 péré ni wọ́n ti nù mọ́ dáadáa, wọ́n sì rí nọ́ńbà káàdì ìsanwó tó lé ní 5,000 nínú àwọn yòókù. Ní ọdún 2009, nítòsí wa ní Ghana, àwọn oníròyìn ra hard disk kan ní Tema ní 40 dọ́là, wọ́n sì bá ìwé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó dá èyí tó ní C5 padà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ya àwòrán yẹn, ẹ nu fáìlì inú rẹ̀, kí ẹlòmíràn tí yóò rà á má baà rí wọn.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ìkẹjà

Mo fara mọ́ ọn. Quick Format kò nu nǹkan kan, orúkọ fáìlì nìkan ló mú kúrò, ẹni tó bá ní ètò tí wọ́n fi ń wá fáìlì tó sọnù yóò kó gbogbo wọn padà. Láti Windows Vista ni Format tó pé, èyí tí ẹ yọ àmì Quick Format kúrò nínú rẹ̀, ti ń kọ òdo sórí gbogbo àyè hard disk náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ tó fún hard disk onírin. Ó tún jẹ́ ìdánwò tó dára fún èkejì tí ẹ fẹ́ lò, nítorí pé kò sí igun kan tí kò ní dé.

Ẹni tó bá mọ Linux lè lo badblocks -wsv, tó ń kọ oríṣi àmì mẹ́rin sórí gbogbo àyè, tó sì ń padà kà wọ́n. Ìdánwò gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ wo àkókò: lórí USB 3, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni kíkọ 1TB lẹ́ẹ̀kan yóò gbà, kíkọ àti kíkà sì jẹ́ ìgbà mẹ́jọ, nítorí náà ẹ ka ọjọ́ kan gbáko. Lórí USB 2, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ tún wo nọ́ńbà àti ìwọ̀n hard disk náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ Enter, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti nu hard disk tiwọn dípò ti tòkunbọ̀, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè dá a padà.

Olùkọ́, Abẹ́òkúta

Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí iná àti lórí ìṣubú, nítorí pé ohun tí mo mọ̀ níbẹ̀, omijé ni mo fi rà á. Hard disk àlòkù kan ni mo kó èsì ìdánwò àwọn ọmọ sí fún sáà mẹ́sàn-án, òun nìkan ló sì wà níbẹ̀. Ó dára, SMART rẹ̀ mọ́, n kò ní ẹ̀sùn kan sí ẹni tó tà á. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó wà lórí tábìlì, ó ń ṣiṣẹ́, ọmọ kan kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ wáyà USB, hard disk náà sì já bọ́ sórí símẹ́ńtì. Ìṣubú náà kò ga ju orókún lọ. Nígbà tí mo tún tan án, kọ́-kọ́-kọ́ tí ẹ̀gbọ́n sọ lókè yẹn ni mo gbọ́. A ń pe ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti wá ìwé èsì tí àwọn òbí tọ́jú, oṣù mẹ́rin ni a sì fi ṣe é.

Láti ìgbà náà, hard disk mi kì í sí lórí tábìlì nígbà tó bá ń yí. Ilẹ̀ ni ó ń wà, lórí pákó tó tẹ́jú, kì í ṣe lórí aṣọ tàbí bẹ́ẹ̀dì tí kò ní jẹ́ kí ooru rẹ̀ jáde. Bí ooru rẹ̀ bá ń kọjá 50 nínú CrystalDiskInfo, mo máa ń dá iṣẹ́ dúró. Ní ti iná, ẹ má bẹ̀rẹ̀ Format tàbí ìdánwò gígùn lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì tàbí UPS, nítorí pé bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì láàárín kíkọ, hard disk tó yè pàápàá lè fi àyè kan sílẹ̀ ní àìparí, ẹ̀yin yóò sì rò pé òun ló bàjẹ́. Laptop ni kí ẹ lò, kí bátìrì rẹ̀ kún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì má ṣe jẹ́ kí ó sùn.

Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀

Ẹ kú ọgbọ́n, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ SSD, irú ìpamọ́ tí kò ní àwo nínú, kún un, torí pé òun ló pọ̀ lọ́jà báyìí, òfin rẹ̀ sì yàtọ̀. SSD kò ní ohun tó ń yí, nítorí náà kò ní dún fún yín kó tó kú. Kíkọ ló ń gbó o. Lórí irú NVMe, SSD pẹlẹbẹ tó sábà ń wọ ara pátákó kọ̀ǹpútà tààrà, ẹ wo ìlà Percentage Used: èyí tó wà ní 8 ṣì ní ọjọ́ iwájú, èyí tó ti kọjá 80 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ná gbogbo agbára tí wọ́n ṣèlérí fún un tán. SSD tó ti gbó kò tún dára fún ohun tí ènìyàn fẹ́ gbé sínú àpótí fún ọdún méjì láìfi iná sí i, nítorí pé ohun tó wà nínú rẹ̀ lè máa ṣá díẹ̀díẹ̀.

Format tó ń kọ òdo kò tó láti nu SSD mọ́, torí pé SSD máa ń pín ìkọ̀wé káàkiri, ó sì ní àyè ìpamọ́ tí kọ̀ǹpútà kò rí. Secure Erase tàbí Sanitize, àṣẹ tó ń mú kí SSD fúnra rẹ̀ nu gbogbo inú rẹ̀, ni kí ẹ lò, ètò tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbé jáde sì sábà máa ń ní in. Ohun tó dára jù ni pé kí ẹ fi BitLocker tàbí VeraCrypt ti gbogbo rẹ̀ pa láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹ kọ sínú ìwé ní ibòmíràn. Bí ó bá kú lójijì tí ẹ kò sì lè nù ún mọ́, ẹni tó bá gbé e lórí àkìtàn kò ní rí ohunkóhun kà nínú rẹ̀. Àwòrán oníbàárà yẹ fún irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ayédèrú ìwọ̀n. Àwọn kan ń ta àpótí kékeré tí wọ́n kọ 16TB sí lára ní owó tí kò lè ra 1TB gidi; bí ẹ bá tú u, flash kékeré kan ni ẹ óò bá níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà yóò sọ pé 16TB ni, yóò sì gba fáìlì yín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ìwọ̀n gidi bá kún, yóò máa kọ tuntun sórí ti àtijọ́ láìsọ fún yín. H2testw lórí Windows tàbí F3 lórí Linux yóò kọ ọ́ kún, yóò sì padà kà á, irọ́ rẹ̀ yóò sì hàn.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe, Ìkẹjà

Àbúrò wa ti sọ ọ́ dáadáa. Ayàwòrán, ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ kí ẹ ṣèlérí fún mi: kí hard disk tòkunbọ̀ má ṣe jẹ́ ilé kan ṣoṣo fún àwòrán kankan. Ẹ̀dà mẹ́ta ni kí ó wà, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan nínú wọn má sì sí nínú ilé yín, nítorí olè àti iná ilé kì í yan èyí tó jẹ́ tuntun. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ máa ka SMART rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa kọ iye 05, C5 àti C7 sínú ìwé. Ìyípadà ni kí ẹ máa wò.

Ayàwòrán, Ìbàdàn

Mo padà wá jábọ̀ fún yín. Format tó pé lórí hard disk kejì parí ní ìdájí àná, 05, C5 àti C6 ṣì jẹ́ òdo, C7 kò kúrò ní 311. Mo ti fi VeraCrypt tì í pa, mo sì ti kó àwòrán 2019 sí 2021 sí i. Ẹ̀dà wọn kan ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà, mo sì jó ti àwọn ìgbéyàwó sórí DVD, ó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ́níyà.

Ní ti èkíní, mo ya àwòrán SMART rẹ̀, mo nu fáìlì inú rẹ̀, mo sì gbé e padà sí Ìkẹjà ní ọjọ́ karùn-ún. Ẹni tó tà á kọ́kọ́ ń jiyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi àwòrán náà hàn án, tí nọ́ńbà ara hard disk bá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mu, ó gbà láti pààrọ̀ rẹ̀. Mo gbé laptop àbúrò mi dání, mo sì sọ fún un pé n óò ka SMART níbẹ̀ kí n tó mú òmíràn. Èkíní tó gbé jáde, 05 rẹ̀ jẹ́ 112. Èkejì kò jẹ́ kí SMART rẹ̀ ṣe é kà rárá. Ẹ̀kẹta ni mo gbé wálé, wákàtí rẹ̀ jẹ́ 6,030, Format rẹ̀ sì ti dé ìdá 40 nínú 100 bí mo ṣe ń kọ èyí.